Ọkọ̀ Tí Kò Gbọ́ "Dúró"

Ẹ̀yin Bàbá Onípíkọ́ọ̀pù, mo kí yín o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí yín níwájú ọkọ̀ yẹn, kó ti pín ogún fọ́mọ kó tó kúrò nílé.

Ẹ má bínú. Ọkọ̀ yín ni mo wá bú, n kò bú yín. Àmọ́ bí òkò ọ̀rọ̀ bá ṣèèṣì bà yín, ẹ rántí pé inú rẹ̀ lẹ jókòó sí.

Arúgbó ni ọkọ̀ náà, a kì í sì í bú arúgbó láìkọ́kọ́ kì í. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ wọn ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ fún wa. Ọdún 1979 ni èyí tó lẹ́yìn gbọọrọ, tí í ṣe píkọ́ọ̀pù, wá sáyé. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ tí ẹ fi ń sáré láti Ifẹ̀ wá sí Ìbàdàn yẹn ti gbé ọtí ìkómọjáde dírẹ́bà tó ń wà á lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kì í:

Arúgbó ọkọ̀ tí ń sáré ọmọdé!
Agbérù-má-wẹ̀yìn!
Ó ru kòkó l'Óǹdó, ó ru ẹ̀gẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́,
Ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ n'Ífẹ̀, ó ru sìmẹ́ńtì n'Íbàdàn,
Gbogbo ẹrù ayé ló rù tán, ó ku búréèkì!

Níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá ti ń fọ́nnu, ohùn yín ló máa ń ròkè jù. "Ẹńjìnnì rẹ̀ ò ì tíì yẹ̀. Mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti jí!" A gbà, Bàbá. Kò sẹ́ni tó bá yín jiyàn pé ó ń lọ. Lílọ kò fìgbà kan jẹ́ ìṣòro ọkọ̀ yín. Ẹ gbé e dé orí òkè Màpó, ẹ pa ẹńjìnnì, ẹ yọ òkúta ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò tilẹ̀ nílò ẹńjìnnì kó tó lọ. Dídúró lọ̀rọ̀ wà.

Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, tí àwọn oníròyìn na gbohùngbohùn sí yín lẹ́nu, a ti mọ ohun tí ẹ ó sọ: "Ṣe ni búréèkì já lójijì." Lójijì kẹ̀! Búréèkì tó ti ń bẹ̀ yín látọjọ́ yìí, tó han, tó jò, tó rùn, tó tún wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín? Ẹ jẹ́ ká jọ ka ẹ̀sùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ibi tí lójijì wà nínú rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ han. Páàdì iwájú ti jẹ dé egungun, irin wá ń ha irin, gbogbo kọ́nà tí ẹ bá yà, àdúgbò ń dí etí. Àwọn tó ń ṣe páàdì tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan sára òmíràn, kó lè máa han kí páàdì tó tán. Kí lẹ ṣe nígbà tí ó han? Ẹ yí rédíò sókè. Ní báyìí, ẹ kì í gbọ́ ariwo búréèkì mọ́, ará àdúgbò náà kì í sì í gbọ́ ìròyìn ti ilé wọn mọ́.

Lẹ́yìn náà, pẹ́dàlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Ìtẹ̀ kan kò tó mọ́, ó di ìtẹ̀ méjì, ó di pọ́ńpù-pọ́ńpù-pọ́ńpù. Ẹ wá ń fi kọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín: "Tóo bá fẹ́ dúró ní Bẹẹrẹ, láti Orítamẹ́rin ni kóo ti máa pọ́ńpù bọ̀." Ọmọ náà rò pé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lòun ń kọ́. Kò mọ̀ pé rọ́bà inú mástà búréèkì ló ti jẹ, tí ọ́ìlì sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ́ padà sẹ́yìn.

Ọ́ìlì búréèkì wá ń jò. Ẹ rí i lẹ́yìn táyà, ó rin gbindin. Mẹkáníìkì dá a lábàá pé kí ẹ pààrọ̀ sílíńdà kékeré tó wà nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ẹ ní ó wọ́n. Ẹni tó jókòó tì yín ní òun mọ ọgbọ́n kan, ẹ sì po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, ẹ dà á sínú agolo búréèkì. Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọkọ̀ yín ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ń fọ abẹ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n omi ọṣẹ yẹn á mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà, bí irin bá sì ti gbóná díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹlòmíràn nínú yín a bu ọ́ìlì ẹńjìnnì sí i, ó ṣáà ní "ọ́ìlì lọ́ìlì ń jẹ́". Ọ́ìlì ẹńjìnnì á wú rọ́bà inú mástà títí tí kò fi ní lè yí níbi tó wà. Ibẹ̀ ni pẹ́dàlì á ti kọ̀ tí kò ní padà sókè, ẹ ó sì ní ẹ̀mí èṣù ló dì í mú.

Ìgbà tí omi ọṣẹ kò ṣiṣẹ́ ni mẹkáníìkì yín wá lo ọgbọ́n ìkẹyìn. Ó ká páìpù búréèkì táyà iwájú lápá òsì kò, ó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, mo ti pa ẹsẹ̀ kan." Ṣé kò yẹ kí ara yín ti bù máṣọ nígbà tí ẹ gbọ́ "pa"? Láti ọjọ́ náà, ẹ bá ti tẹ búréèkì báyìí, ọ̀tún ni ọkọ̀ ń yà sí, gbáà, ó di ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà, láìjẹ́ pé ebi ń pa yín. Obìnrin náà ti mọ̀ yín. Bó bá ti gbọ́ ìró yín lókèèrè, òun, agbada àti àga ìjókòó rẹ̀ ló jọ ń ṣí kúrò.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kúkú mọ̀ pé irú yín wà láyé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n pín búréèkì sí ìlà méjì, kó lè jẹ́ pé bí ìlà kan bá kú, èkejì á ṣì gba ẹ̀mí là títí dé ilé mẹkáníìkì. Ẹ ti sọ ìlà kan di arọ, ẹ sì ń gbára lé èyí tó kù lójoojúmọ́ láti Bódìjà dé Ọ̀jọ́ọ̀. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro lẹ fi ń ṣe ìgbádùn. Bí ọjọ́ ìṣòro gan-an bá wá dé, kí lẹ ó fi pàdé rẹ̀?

Ìdáhùn yín ni pé ayé ló ń bá yín jà, ẹ tilẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Ìdànrè, ẹ tẹ búréèkì, ó wọlẹ̀ jìà, àtẹ́lẹsẹ̀ yín kan páànù. Igbó lẹ sá yà sí. Lẹ́yìn wákàtí kan, mẹkáníìkì dé, ó tẹ̀ ẹ́, ó le koko. "Kò sóhun tó ṣe é o, Bàbá." Ẹ wá di orí mú: "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni! Ó ti sọ pé n kò ní jèrè ọkọ̀ yìí!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀. Omi ni. Ọ́ìlì búréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì síra. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agolo, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Bó bá ti mu omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 140°C ló kù. DOT 4 sàn jù ú lọ: 230°C nígbà tó gbẹ, 155°C nígbà tó ti mu omi. Tiyín ti wà nínú ọkọ̀ láti ayé Abacha, ó ti dúdú, ó ti di ọbẹ̀. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ lé búréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, irin gbóná, ọ́ìlì hó, ó di oru. Ọ́ìlì kò ṣeé fún, ó máa ń ti páàdì lọ síwájú ni. Oru ní tirẹ̀ ń fún pọ̀, ibẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀ yín parí sí. Nígbà tí ó tutù, oru di omi padà, búréèkì sì le. Bí àjẹ́ kan bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí irin gbóná, tó ń sinmi nígbà tí irin tutù, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì fún un, á tú yín sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹ ti kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Ẹ bá ti dé orí òkè, ẹ ju gíà sí fíríì, kí ọkọ̀ máa fi ọ̀fẹ́ lọ. Àwọn kan nínú yín a tilẹ̀ pa ẹńjìnnì pátápátá, wọ́n á máa fi ìfé sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbọ́ o: gíà kékeré ni ẹńjìnnì fi máa ń di ọkọ̀ mú láti ẹ̀yìn, ọ̀fẹ́ sì ni. Gíà tí ẹ bá fi gun òkè ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá sì jẹ́ èyí tó ní sẹ́fò, ara ẹńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ni sẹ́fò ti ń rí agbára tó fi ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ pa ẹńjìnnì, ẹ ó rí ìtẹ̀ díẹ̀ tó rọ̀, lẹ́yìn náà pẹ́dàlì di òkúta. Ẹ fẹ́ jèrè epo ìkòkò ọbẹ̀ kan, ẹ fi ẹ̀mí èrò mẹ́fà dúró.

Èrò mẹ́fà wo, ẹ ní? Àwọn tó wà lórí ẹrù ńkọ́? Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe píkọ́ọ̀pù yìí fún. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò, ogún àpò sì ni tọ́ọ̀nù kan. Ogójì lẹ kó. Ẹ wá ní kí àwọn lébìrà gun orí rẹ̀, "kó má baà máa fò". Ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè, iná iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹrù di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ búréèkì sì pọ̀ sí i gan-an. Èyí tí ẹ ò gbà gbọ́ ni ti eré: bí ẹ bá kúrò lórí kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tí ẹ lọ sí 80, ọ̀nà tí ọkọ̀ máa rìn kí búréèkì tó dá a dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ wo ẹni tó ń sá 80, tó kó ogójì àpò, tó ń fi táyà mẹ́ta tẹ búréèkì omi ọṣẹ!

Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ táyà, n kò ì dé bẹ̀. Ó yá, mo ti dé bẹ̀. Táyà yín ti dán ju orí apárí lọ. Dípò kí ẹ ra òmíràn, ẹ ní kí fọ́kanáísà fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú rẹ̀. Ó bu àbàjà sí ọ̀kan, ó kọ gọ̀ǹbọ́ sí èkejì, táyà tí wọ́n ṣe ní òkè òkun wá di ọmọ Ọ̀yọ́. Òǹkà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ tẹ̀ ba kí ẹ kà á: bó bá jẹ́ 2309, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Kò sí ilà tó lè sọ ọ́ di ọmọdé.

Hándì-búréèkì ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, a kì í purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni Bàbá ń fi ọ̀rá obì kọ́. Hándì-búréèkì tó ń ṣiṣẹ́ ni ọmọkùnrin tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ọkọ̀ ò tíì dúró, ó ti fò bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré tẹ̀lé táyà: "Wẹ́ẹ̀jì! Wẹ́ẹ̀jì!" Ó ju igi sábẹ́ rẹ̀, ó fa ọwọ́ yọ. Ó yẹ kó wà nílé ìwé, ẹ ti fi ìka rẹ̀ rọ́pò wáyà hándì-búréèkì.

Fèrè ọkọ̀ yín nìkan ló ń gbádùn ara. Ẹ ti ra ti tírélà sí i. Bí búréèkì kò bá lè dá ọkọ̀ dúró, fèrè á lé aráyé kúrò lọ́nà. Ẹ tún ní kí akọ̀wésọ́kọ̀ fi ọ̀dà pupa kọ "Ẹ MÁ BẸ̀RÙ" sí i lẹ́yìn. Bàbá, àwọn tó wà lẹ́yìn ti bọ́. Iwájú ni kí wọ́n kọ "Ẹ SÁ O" sí.

Ní 1988 tí ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Ọkùnrin yẹn ti mọ̀ yín tipẹ́. Nínú eré onítàn rẹ̀ The Road, tó jáde ní 1965, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti gba jàǹbá. Ẹ̀yin náà dé ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Ládípọ̀, wọ́n gbé páàdì tuntun jáde fún yín, ẹ yínmú sí i: "Kò sí tòkunbọ̀ ni?" Páàdì tí ará Jámánì tẹ̀ títí, tí ẹ̀rù bà á tó fi sọ ọ́ nù, òun lẹ ń pè ní ojúlówó!

Ìwé yín sì pé pérépéré, a ò lè fi ìyẹn mú yín. Ìwé tó sọ pé ọkọ̀ náà yẹ ní títì wà nínú ọ̀rá, kò ká, kò ya. Lójú tèmi, ìwé náà ló yẹ ní títì. Bí búréèkì bá já, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi han òkè tí ẹ ń sọ̀ bọ̀, bóyá yóò ní kí ẹ kọjá lọ.

Ẹ ti ń mira, ẹ fẹ́ sọ pé owó dà. N kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun èlò ọkọ̀ ti wọ́n, owó ẹrù kò sì gòkè tó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ajá tí ẹ pa fún Ògún lọ́dún yìí, ṣé ọ̀fẹ́ ni? Ògún fúnra rẹ̀ alágbẹ̀dẹ ni. Bó bá jẹ ajá tán, tó tẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni, "Ta ló fi òòlù pa páìpù mi?" Ẹ tún gbé ọkọ̀ lọ fún pásítọ̀, wọ́n da òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí ó fi ń kán sílẹ̀. Òróró yẹn nìkan á ra agolo ọ́ìlì búréèkì. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, mo mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́: ẹ má lọ da òróró náà sínú mástà o! Ẹ kun ọkọ̀ ní ọ̀dà tuntun, ẹ ra ìbòrí àga, ẹ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ dígí. Gbogbo ibi tí ojú aráyé ń dé lẹ náwó sí. Abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ẹ̀mí aráyé wà, ẹ ní ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́.

Ó tó gẹ́ẹ́. Kí ẹ tó gbéra láàárọ̀ ọ̀la, ẹ tan ẹńjìnnì, ẹ tẹ búréèkì, ẹ dì í mú ṣinṣin, kí ẹ ka ení, èjì, dé ọgbọ̀n. Bí pẹ́dàlì bá ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, yálà ibì kan ń jò tàbí mástà ti jẹ. Bó bá rọ̀ tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú afẹ́fẹ́ náà jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó rin. Ẹ ṣí agolo ọ́ìlì búréèkì, kí ẹ wo bó ṣe kún sí àti àwọ̀ rẹ̀. Ẹ fa hándì-búréèkì lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú ọ̀rá obì kúrò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, ẹ pe mẹkáníìkì wá bá ọkọ̀ nílé, ẹ má gbé ọkọ̀ lọ bá a.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ń háyà píkọ́ọ̀pù, ọwọ́ yín ni agbára wà. Kí ẹ tó ná owó ẹrù, ẹ kọ́kọ́ ní kí dírẹ́bà fi ọkọ̀ rìn díẹ̀ kó tẹ búréèkì lójú yín. Bí ọkọ̀ bá yà, tàbí bí dírẹ́bà bá ń fi ojú wá ọmọ tó gbé igi lọ́wọ́, ẹ ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ má jókòó lé orí ẹrù mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ gba ìdajì owó lọ́wọ́ yín. Ọlọ́kọ̀ tí kò bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ búréèkì, á gbọ́ tọjà.

Bàbá, ẹ̀fẹ̀ ti parí. Èyí tó kù yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀: búréèkì kì í já lójijì, ọlọ́kọ̀ ló ń dití. Ọkọ̀ tí kò bá ti lè dúró, kó má gbéra.